Bí A Ṣe Ń Fi Òkúta Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Wé Òkúta Oníná

Àwọ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó bá rí òkúta dúdú á ní inú iná ló ti wá, kó sì jẹ́ amọ̀ tó gan. Ẹ pa àwọ̀ tì ná. Ohun tí ẹ ó máa wá ni bí hóró inú òkúta ṣe di ara wọn mú.

Òkúta oníná jẹ́ òkúta yíyọ́ tó tutù tó sì dì. Bó ṣe ń tutù ni kírísítálì, ìyẹn hóró tó ń dì nínú òkúta yíyọ́, ń hù nínú rẹ̀, tí wọ́n ń wọnú ara wọn títí tí àyè ò fi sí láàárín wọn mọ́. Ní ti òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, yanrìn, amọ̀ tàbí ìkarahun ni omi tàbí afẹ́fẹ́ kó jọ. Ẹrù orí wọn tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, èròjà inú omi sì lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ẹ wá òòlù, ìṣó, fínígà, omi àti awò tó ń mú nǹkan tóbi.

Àkọ́kọ́, ẹ fọ́ etí òkúta náà. Ojú òkúta tó ti pẹ́ nínú òjò àti oòrùn ń purọ́. Ojú tuntun ni kí ẹ wò. Ẹ fi aṣọ wé e kí ẹ tó lù ú, kí ẹ sì wọ awò ààbò, torí èérún òkúta kò mọ ojú yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé awò sí i. Nínú gíránáìtì, òkúta oníná tó rọra tutù nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ ó rí hóró funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn tó dán bíi dígí, àti dúdú tó ń kọ mànà, gbogbo wọn sì há mọ́ra. Nínú òkúta oníyanrìn, tó jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, hóró náà sábà máa ń rí roboto, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀.

Ibi tó ti le ni ìgbà tí ẹ ò bá rí hóró kankan. Bàsáàtì, òkúta oníná kan, tètè tutù, kírísítálì rẹ̀ sì kéré jù fún ojú. Òkúta amọ̀, tó jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, náà kúnná. Ẹ ta omi sí wọn kí ẹ gbóòórùn wọn: òkúta amọ̀ sábà máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ fi ìṣó ha wọ́n. Ìṣó á wọ òkúta amọ̀, bàsáàtì ò ní gbà bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí òkúta oníyanrìn bá ń da yanrìn sílẹ̀, ẹ má pe hóró rẹ̀ ní rírọ̀ o: kúáátísì, èròjà hóró yanrìn inú rẹ̀, tó 7 lórí òṣùwọ̀n líle Mohs, tó lọ láti 1 dé 10, ó le ju ìṣó lọ. Àtè ibẹ̀ ló já.

Ẹ kán fínígà sí i. Òkúta ẹfun, tó jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, á hó. Bí kò bá hó, ẹ ha á di ẹ̀tù kí ẹ tún kán an. Bàsáàtì tí ihò rẹ̀ ti kún fún kálísáìtì, èròjà inú òkúta ẹfun, náà lè hó níbi ihò náà nìkan.

Ìkarahun inú òkúta fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹjọ́: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Ihò roboto tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fi sílẹ̀ jẹ́ àmì òkúta oníná. Pọ́mísì, òkúta oníná tó kún fún ihò, tiẹ̀ ń léfòó lórí omi. Àmọ́ bí kírísítálì bá há mọ́ra, tí wọ́n sì tún tò ní ìlà dúdú àti funfun, ẹ gbé e sọ́tọ̀: ó lè jẹ́ òkúta tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti pa dà, tí kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.