Àpótí Ló Gbówó Lọ́wọ́ Mi, Kì Í Ṣe Ẹran

Owó tí àpótí igi kan gbà lọ́wọ́ mi ju owó impala, ẹran ìgbẹ́ oníwo kan ní Gúúsù Áfíríkà, tí mo fúnra mi yìnbọn pa lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta, inú ṣì ń bí mi. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ọdẹ bíi tèmi pọ̀ tí àbúrò tàbí ọmọ wọn lókè òkun ń sọ fún pé, "Ẹ wá ṣọdẹ lọ́dọ̀ wa níbí." Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ọdẹ ni bàbá mi ní Oǹdó. Ìwo ìgalà àti orí ẹtu ti kún ara ògiri pálọ̀ wa kí n tó mọ ìwé kà. Nígbà tí àbúrò mi tó ń gbé ní Johannesburg sanwó sílẹ̀ fún mi ní oko ẹran ìgbẹ́ kan ní Limpopo, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti físà àti ti bàálù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìbọn ibẹ̀ ni mo yá. Ọdẹ kan tó ní ìwé àṣẹ ló mú mi wọgbó, torí òfin wọn kò gbà kí àlejò dá ṣọdẹ. Oṣù kẹfà ni, òtútù àárọ̀ ibẹ̀ ń ta ni létí. Impala ni mo kọ́kọ́ pa. Lọ́jọ́ kẹta, mo pa akọ kudu, ẹran ìgbẹ́ oníwo ńlá. Ọta kan ṣoṣo. Ìwo rẹ̀ lọ́ bí okùn. Nígbà tí wọ́n fi téèpù tọ bó ṣe lọ́ láti ìdí dé ṣóńṣó, ínǹṣì 51 ni. Bàbá mi kò rí irú rẹ̀ títí ó fi lọ. Mo jókòó ti ẹran náà, omi bọ́ lójú mi.

Ẹran náà kò bá mi délé. Àwọn ẹfọ̀n inú ọgbà ẹranko Kruger ní ìhà ibẹ̀ ń gbé àrùn ẹsẹ̀-àti-ẹnu tó máa ń ran màlúù, nítorí náà ẹran tútù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dì mọ́ ẹrù kọjá ibodè. Mo tún gbójú lé biltong, ẹran tí wọ́n là gbọọrọ, tí wọ́n fi ọtí kíkan àti iyọ̀ pa lára, tí wọ́n wá so rọ̀ kó gbẹ. Ajẹ́ńtì tó ń bá mi ṣètò ẹrù ní bí mi ò bá ní ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò mi. Ó dùn mí gan-an. Ọdẹ ti oko bọ̀, àpò ṣófo.

Wọ́n se orí àwọn ẹran náà, wọ́n fi iyọ̀ sí awọ, wọ́n rì wọ́n sínú oògùn apakòkòrò. Ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó ní ó ti yá. Ìwé dókítà ẹran pé, ìwé àṣẹ tiwa náà pé. Ajẹ́ńtì kọ́kọ́ ń yọ mí lẹ́nu nípa CITES, àdéhùn ẹran ìgbẹ́ tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974, ṣùgbọ́n kudu àti impala tí mo pa kò sí nínú àwọn tó nílò ìwé rẹ̀.

Owó bàálù ni ìjayà àkọ́kọ́. Kìlógíráàmù 41 ni gbogbo ẹrù náà, wọ́n ní kí n san ti 131. Mo rò pé wọ́n ṣi nọ́ńbà kọ ni. Àṣé àyè tí àpótí gbà ni wọ́n ń wò: sẹ̀ǹtímítà 140, lọ́nà 80, lọ́nà 70, kí wọ́n fi 6,000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù lèèyàn ń san. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ti se orí kudu tán, ìwo ṣeé fà yọ lára egungun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbárí. Ìdajì àpótí yẹn ì bá gbà á. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mi ò sì béèrè.

Ìgbà tí ẹrù dé Ìkẹjà gan-an ni mo jẹ iyán mi níṣu. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo kúrò ní Àkúrẹ́, mo gba Oǹdó sí Òrè, inú mi ń dùn. Òṣìṣẹ́ obìnrin tó wá yẹ ẹrù wò kò tilẹ̀ wo ìwo. Ó yí àpótí náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ìwo yín kò ní wàhálà. Igi yìí ni." Mo ní, "Igi ńkọ́, mà?" Ó fi àpótí ẹlòmíràn hàn mí. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀: àwòrán ṣírí ọkà, lẹ́tà orílẹ̀-èdè tó ti wá, àti HT. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi iná yan igi náà dé inú lọ́hùn-ún, ìgbóná 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 30, kí kòkòrò inú igi má baà ti ìlú kan dé ìlú mìíràn. Tèmi kò ní nǹkan kan lára.

Mo pe àwọn tó kan àpótí. Wọ́n ní àwọn yan igi náà, òǹtẹ̀ ni àwọn gbàgbé. Gbàgbé! Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo tún gba Èkó lọ. Obìnrin náà kà á tán, ó dá a padà fún mi. Ara igi ni òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Lẹ́tà kò lè rọ́pò rẹ̀. Mi ò lè bá a jà, òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni owó ibi ìkẹ́rùsí ń gorí ara wọn, Sátidé àti Sọ́ńdè kò yọ sílẹ̀. Mo padà sí Àkúrẹ́, mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìrìn kẹta ló yanjú rẹ̀. Wọ́n gbà kí a tú àpótí náà níṣojú wọn, kí wọ́n dáná sun igi rẹ̀, kí a kó ẹrù sínú òmíràn. Pláíwúùdù ni mo ní kí káfíńtà kan ní Òṣòdì fi kàn án, torí òfin òǹtẹ̀ yẹn kò kan pláíwúùdù. Ọjọ́ 19 gbáko! Níbi tí wọ́n ti ń fa ìṣó yọ, ọ̀kan ha ìwo apá òsì.

Bí mo bá tún lọ, wọn yóò ya fọ́tò òǹtẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n tó san owó tó kù, wọn yóò sì yọ ìwo kúrò lórí egungun níṣojú àbúrò mi. Pláíwúùdù ni mo tilẹ̀ máa bẹ̀ wọ́n fún.

Mo gbé ìwo kudu lọ sílé wa ní Oǹdó, mo kàn án mọ́ òkè ìwo ìgalà bàbá mi. Ìyá mi kì mí ní oríkì bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí kò ṣe fún mi rí. Lẹ́yìn náà ló gun àpótí ìtìsẹ̀, ó fọwọ́ pa ìwo náà wálẹ̀, ìka rẹ̀ dúró lójú ibi tí ìṣó ti ha á. Ó ní ta ló ṣe èyí sí i.