Bí Mo Ṣe Yan “ce”, “cet”, “cette” àti “ces”

Ní alẹ́ Sátidé kan ní Kubwa, ní Àbújá, mo jókòó ti iṣẹ́ kan nínú ìwé Faransé tí mo fi ń kọ́ ara mi: gbólóhùn 20, àlàfo kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀yán aṣàfihàn mẹ́rin (àwọn ọ̀rọ̀ bíi “yìí” tó ń tọ́ka sí nǹkan), “ce”, “cet”, “cette” àti “ces”, tí mo gbọ́dọ̀ fi dí wọn. Kékeré ni mo ka iṣẹ́ náà sí, nítorí “yìí” kan ṣoṣo ni àwa ń lò fún ọba, ìyàwó, ilé àti ewúrẹ́. Nígbà tí mo wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, 11 péré ni mo gbà.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Akọ tàbí abo ni Faransé ka ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan sí. Mo fi “ces” sí gbogbo ọ̀pọ̀ láìbéèrè akọ tàbí abo, mo sì fún àwọn abo ní “cette”: cette maison (ilé yìí), cette école (ilé ẹ̀kọ́ yìí). Apá yẹn kò le.

Akọ ni wàhálà. “Ce marché” (ọjà yìí) ni, ṣùgbọ́n “cet arbre” (igi yìí) ni, nítorí fáwẹ̀lì ni arbre fi bẹ̀rẹ̀. Àwa náà kì í sábà jẹ́ kí fáwẹ̀lì méjì kọlura; a ó pa ọ̀kan jẹ, tí “ra aṣọ” yóò fi di “raṣọ”. Níbí, dípò ìpajẹ, “t” ni wọ́n fi là wọ́n níjà. Mo rò pé etí lè tọ́ mi sọ́nà, mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, ọmọ Kétu ní Bẹ̀nẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka cet ami àti cette amie.” Wọ́n kà á, bákan náà ni méjèèjì, ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ọkùnrin àti èyí tó jẹ́ obìnrin, dún, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tó gba máàkì jù lọ́wọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń sọ akọ tàbí abo, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ẹ̀yán náà gan-an ló ń pinnu “t”. “Cet ami” a di “ce grand ami”. “Ce marché” a sì di “cet ancien marché”. Mẹ́rin nínú àṣìṣe mi ló ti ibẹ̀ wá. “Ce livre-ci” àti “ce livre-là” nìkan ni kò yọ mí lẹ́nu rárá, nítorí ẹ̀yìn orúkọ ni -ci àti -là ń wà, bíi ti ìwé yìí àti ìwé yẹn.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo gba 19. Haricot, ìyẹn ẹ̀wà, ló kù. H inú homme àti hôtel kì í dún, a sì ń kọ “cet homme”, “cet hôtel”. Ti haricot náà kì í dún, síbẹ̀ “ce haricot” ni, nítorí wọ́n ka h tirẹ̀ sí kọ́ńsónáǹtì. Àmì ìràwọ̀ kékeré tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wà níwájú ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè mi; mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo rò pé àbàwọ́n yíǹkì ni.