Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí Update Ò Wọlé Sí: Ẹ Má Pa Á Lójú Iṣẹ́

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin olósìn adìyẹ, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti gbogbo ilé tó ń fi kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ṣàkọsílẹ̀ n'Íbàdàn, láti Mọ́níyà dé Ìdó, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà. Ohun tó fà á tá a fi kọ ọ́ ni pé ẹgbẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù gbogbo àkọsílẹ̀ wọn, ẹni tó yá owó, ẹni tó ti san, ẹni tó jẹ owó oúnjẹ adìyẹ, gbogbo ẹ̀ ló lọ. Olè ò jí i, fáírọ́ọ̀sì ò jẹ ẹ́. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà nígbà tí update, ìyẹn àtúnṣe tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ fún Windows, ń lọ lọ́wọ́, kò tàn mọ́, ẹni tí wọ́n gbé e fún sì fọ́ọ̀màtì ẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, ẹ mọ Excel, a ò ní padà síbẹ̀.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù, akọ̀wé fẹ́ ti ọ́fíìsì, ó ní kóun pa kọ̀ǹpútà, ó rí "Update and shut down", kò kà á, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà di aró, àwọn tóótòòtó funfun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó kọ "Working on updates 12%", ó tún kọ "Don't turn off your computer" sábẹ́ ẹ̀. Akọ̀wé dúró díẹ̀, òjò ti ṣú, Míkírà tó ń lọ Òjóò ti ń kún, ló bá tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi kú, ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó sọ ọ́ sí báàgì, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, dúdú ló bá.

Àṣìṣe yìí là ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀kan náà ni. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sójú yín pé ẹ má pa òun, ẹ sì pa á, lẹ́yìn náà ẹ ní update ti ba kọ̀ǹpútà yín jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Tó bá jẹ́ "Downloading" ló kọ, tí NEPA wá mú iná lọ, kò séwu ńbẹ̀, tí iná bá dé á máa bá a lọ níbi tó dé dúró. Àmọ́ tó bá ti di "Installing", tàbí tí gbogbo ojú ẹ̀ ti di àwọ̀ kan pẹ̀lú tóótòòtó tó ń yí, ẹ ká ọwọ́ yín kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin mọ̀ pé láti ọjọ́ 18 ẹ kì í ṣí ẹ̀rọ mọ́ títí di ọjọ́ 21, irú ẹ̀ náà nìyí. Èyí tó ń bani nínú jẹ́ jù ni tí ó bá kọ "Undoing changes made to your computer". Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á sáré pa á. Kò tíì bàjẹ́ o! Update ò wọlé ni, ó wá ń kó nǹkan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ á tàn bíi ti àná. Ẹni tó bá pa á ní àsìkò yẹn ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ bà á jẹ́.

Ẹ ní báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Kọ̀ǹpútà tí RAM ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí, jẹ́ 2GB tàbí 4GB, tó sì ń lo háàdì àtijọ́ tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú, ẹ fún un ní wákàtí 3, kódà bó dúró sójú 30% fún wákàtí kan. Ẹ wo iná kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì tàbí níwájú láptọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n ya nǹkan róbótó bí agolo sí lára. Tí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, bó tiẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ń lọ. Àfi tó bá ti lé ní wákàtí 5, tí iná yẹn ò sì ṣẹ́jú rárá fún wákàtí kan gbáko, ìgbà yẹn nìkan lẹ lè tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10.

KẸ́ Ẹ TÓ TẸ̀ Ẹ́

Aago 9 àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe aago 4 ìrọ̀lẹ́. Bátìrì láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wà ní 100%, kí ṣájà sì wà lára ẹ̀. Tí bátìrì yín bá ti kú, tó jẹ́ ṣájà nìkan ló gbé e dúró, dẹ́sítọ́ọ̀pù lẹ ní yẹn o, ẹ má tan ara yín jẹ. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ní tiẹ̀, UPS kékeré tó wà nídìí ẹ̀ kì í kọjá bí ìṣẹ́jú 10, kò wà fún update, ó wà fún àkókò tẹ́ ẹ fi máa yí iná láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ bu epo lítà 5 sí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, bí NEPA bá tiẹ̀ wà, ẹ bu ú sílẹ̀.

Ẹ̀dà wá ńkọ́? Fíláàṣì 32GB méjì. Ẹ kó Documents, Desktop àti Downloads sínú méjèèjì, kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kẹ́ ẹ ṣí fáìlì owó ẹgbẹ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ rí orúkọ èèyàn àti iye owó pẹ̀lú ojú yín. Ẹ̀dà tẹ́ ẹ ò tíì ṣí wò, ẹ má pè é lẹ́dà. Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akápò, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ alága, kí méjèèjì má sùn sínú ilé kan náà.

Ẹ wo àyè tó kù lórí C, ìyẹn apá háàdì tí Windows wà. Update oṣooṣù fẹ́ 10GB ó kéré tán, èyí tó ń gbé Windows 10 láti ẹ̀yà kan bọ́ sí òmíì fẹ́ 20GB. Tí kò bá tó, nọ́ńbà àṣìṣe 0x80070070 lẹ máa rí, ẹ sì lè tẹ "Retry" títí ilẹ̀ á fi ṣú, nọ́ńbà yẹn náà ló máa padà wá. Ẹ ṣí Disk Cleanup, ẹ tẹ "Clean up system files", ẹ máàkì Windows Update Cleanup àti Temporary files. Ẹ ṣọ́ra níbi tí wọ́n bá kọ Downloads sí! Fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ibẹ̀ ló máa ń wọ̀ sí, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ má máàkì ẹ̀.

Ẹ wo déètì. Kọ̀ǹpútà tí kò rí iná fún ọjọ́ mélòó kan, tí bátìrì kékeré tó wà lára bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kú, déètì ẹ̀ á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, update ò ní wọlé, nọ́ńbà 0x80072F8F lá máa gbé wá, gbogbo sáìtì tẹ́ ẹ bá ṣí lá sì máa sọ pé "Your connection is not private". Àwọn kan ti torí èyí ra dátà tuntun, wọ́n ti torí ẹ̀ pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù, bẹ́ẹ̀ déètì ni. Ẹ ṣe é kó bá ti òní mu, kí àkókò ẹ̀ jẹ́ UTC+01:00 West Central Africa. Bátìrì yẹn ni wọ́n ń pè ní CR2032, ó rí pẹlẹbẹ bíi kọ́ìn, fólítì 3 ni, ẹ máa rí i rà ní Queen Cinema tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bátìrì aago.

Dátà fóònù lẹ̀ ń lò? Nínú Windows 10, ẹ lọ sí Settings, Network & Internet, ẹ tẹ orúkọ hotspot yín, ẹ wo ibi "Set as metered connection". Tó bá wà ní On, ó lè máa fi update sílẹ̀ láì gbà á wọlé. Ẹ yí i sí Off kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a padà sí On tẹ́ ẹ bá parí, kó má baà jẹ dátà yín tán.

TÓ BÁ ṢÌ Ń KỌ̀

Bí àyè bá wà, tí déètì dáa, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ, tí update ò sì wọlé síbẹ̀, ó lè jẹ́ ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀ ló dàrú. Ẹ wá Command Prompt, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ mú "Run as administrator", ẹ wá tẹ èyí ní lẹ́sẹẹsẹ, kẹ́ ẹ máa tẹ Enter lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan:

net stop wuauserv
net stop bits
ren C:\Windows\SoftwareDistribution SoftwareDistribution.old
net start bits
net start wuauserv

Ẹ tún un tàn, ẹ tún gbìyànjú. Ìtàn update àtẹ̀yìnwá lè pòórá lójú yín, ẹ má bẹ̀rù, èyí tó ti wọlé ti wọlé. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 0x80073712 lórí Windows 10, ẹ tẹ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth sínú Command Prompt yẹn náà, tó bá parí ẹ tẹ sfc /scannow. Èyí àkọ́kọ́ yẹn lè dúró sójú 62.3% bí ẹni pé ó ti sùn lọ, ẹ fi í sílẹ̀, á tún máa lọ.

Nọ́ńbà 0x80070643 pẹ̀lú update tí wọ́n ń pè ní KB5034441, èyí tó jáde ní January 2024, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Apá kékeré kan lára háàdì tó wà fún àtúnṣe ni àyè ò tó nínú ẹ̀, 250MB ló ń wá. Ẹnì kan lè ní òun máa bá yín gé háàdì pín. Ẹ má gbà lórí kọ̀ǹpútà tí owó ẹgbẹ́ wà, kó máa ṣàròyé ẹ̀ níbẹ̀.

Windows 7. Microsoft ti jáwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀ látọjọ́ 14 January 2020, torí náà update tuntun kankan ò bọ̀ mọ́ fún ẹni tó wà nílé, èyí tẹ́ ẹ lè gbà ni àwọn ti àtijọ́. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows 7 sí kì í rí update rárá, á kàn máa wá a kiri. Ẹ rí i pé Service Pack 1, ìyẹn àkójọ update ńlá ti Windows 7, wà lórí ẹ̀, ẹ fi kọ̀ǹpútà míì lọ sí catalog.update.microsoft.com, ẹ gba KB4490628 àti KB4474419 sórí fíláàṣì, x64 tó bá jẹ́ 64-bit, x86 tó bá jẹ́ 32-bit. KB4490628 ló ń kọ́kọ́ wọlé, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kẹ́ ẹ tó fi KB4474419 sí i, ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá sọ pé "The update is not applicable to your computer", ẹ ti mú x64 fún x86 nìyẹn, tàbí Service Pack 1 ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, ẹ má fi Windows 7 wọ báǹkì. Chrome ti fi í sílẹ̀ látìgbà Chrome 110 ní February 2023. Ẹ fi ṣàkọsílẹ̀ ẹyin àti oúnjẹ adìyẹ, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀, ẹ jẹ́ kí fóònù máa ṣe ti owó.

Windows 10 náà, 14 October 2025 ni tiẹ̀ parí. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU (Extended Security Updates) á máa gba update ààbò títí di 13 October 2026, ẹ sì lè gbà á láì san kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tẹ́ ẹ jẹ́ kó máa tọ́jú settings yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ $30. Àfi kó jẹ́ ẹ̀yà Windows 10 tó ń jẹ́ 22H2. Ẹ tẹ winver sínú Start, ẹ wò ó. Tí kì í bá ṣe 22H2, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Windows 11 ń bèèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà), RAM 4GB àti háàdì 64GB, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tókùnbọ̀ tó wà nígboro ò ní TPM yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tipátipá gbé e wọ̀ ọ́. Linux Mint, tó lè rọ́pò Windows, tí kò sì gba owó, á sáré lórí RAM 4GB, LibreOffice inú ẹ̀ á sì ṣí fáìlì Excel yín.

TẸ́ Ẹ BÁ TI PA Á NÁ

Ẹ tàn án. Tó bá kọ "Preparing Automatic Repair", ẹ fún un ní wákàtí kan. Tí kò bá wọlé, ẹ tẹ Troubleshoot, Advanced options, Uninstall Updates, ẹ mú "Uninstall latest quality update". Windows 7, ẹ máa tẹ F8 léraléra bẹ́ ẹ bá ṣe ń tàn án, ẹ mú "Repair Your Computer", lẹ́yìn náà Startup Repair.

Tí kò bá jẹ́, tó di pé ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀ ni fọ́ọ̀màtì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù kó tó kúrò lọ́wọ́ yín: "Ẹ má fọ́ọ̀màtì. Ẹ kó fáìlì jáde ná." Ó ṣeé ṣe, torí update tó já sílẹ̀ kì í sábà fọwọ́ kan Documents, Windows ni kò lè tàn. Á tú háàdì yẹn kúrò, á fi sínú àpótí háàdì tó ní okùn USB, á sọ ọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà míì, á wọ fódà Users, á kó gbogbo ẹ̀ sórí fíláàṣì tẹ́ ẹ gbé dání. Kí akọ̀wé àti akápò jọ wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣí fáìlì owó ẹgbẹ́ lójú ẹ̀, kí wọ́n yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá, dórí orúkọ tó kẹ́yìn àti owó tó san kẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó sọ fún un pé ó lè máa fọ́ọ̀màtì ẹ̀.