Bí ẹ ṣe lè pa fóònù yín lẹ́nu mọ́, kí àṣírí yín má sì jáde

Ariwo tí fóònù ń pa sí wa létí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àti ojú tó ń ṣọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ihò kan náà ni méjèèjì ń gbà wọlé. Áàpù tó ní àṣẹ láti pè yín nígbà tó bá wù ú ló sábà máa ń ní àṣẹ láti ka nọ́ńbà àwọn ẹbí yín, láti mọ ibi tí ẹ wà, kó sì máa jẹ dátà yín lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí á dí àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan tó o.

Fóònù Android la fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ní Òṣogbo. Tecno, Infinix, itel àti Samsung kì í to Settings wọn bákan náà. Bí ẹ kò bá rí ibi tí a dárúkọ, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings, yóò gbé yín débẹ̀.

Ìpolówó tó ń yọ jáde fúnra rẹ̀

Ẹ ò ṣí nǹkan kan, síbẹ̀ fóònù ń gbé tẹ́tẹ́, oògùn ọkùnrin àti "ẹ ti jẹ ẹ̀bùn" síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n á nu gbogbo rẹ̀ kúrò, àwòrán ọmọ àti nọ́ńbà oníbàárà á sì bá a lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá. Ojú ìwé kan tí ẹ lọ wo èsì bọ́ọ̀lù tàbí tí ẹ ti fẹ́ gba fíìmù ló ní kí ẹ tẹ Allow, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kó lè kúrò lójú yín. Láti ọjọ́ náà ló ti gbàṣẹ láti máa gba inú Chrome pè yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń pariwo. Ẹ fi ìka tẹ ìfitónilétí náà mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbé e kúrò. Orúkọ áàpù tó fi ránṣẹ́ á hàn. Bó bá jẹ́ Chrome, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Site settings, lẹ́yìn náà Notifications. Gbogbo ojú ìwé tó gbàṣẹ ló tò síbẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba àṣẹ náà padà. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ pa bọ́tìnnì òkè pátápátá, kí ojú ìwé kankan má lè béèrè mọ́.

Bí ìpolówó bá bo gbogbo ojú fóònù láìsí ìfitónilétí, áàpù mìíràn ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó bá ṣì wà lójú, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fi àwọn áàpù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò hàn. Àmì ẹlẹ́ṣẹ̀ náà á wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, Apps, Special app access, kí ẹ wo Display over other apps. Áàpù tọ́ọ̀ṣì, ti ìṣirò tàbí ti àwòrán ẹ̀yìn fóònù kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ yọ wọ́n kúrò lórí fóònù. Àwọn áàpù tó bá fóònù dé láti ilé iṣẹ́ lè má ṣeé yọ, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ní Disable. Èyí tí kò bá ní in, ẹ pa ìfitónilétí rẹ̀.

Ta ló yẹ kó máa kan ilẹ̀kùn?

Ẹ lọ sí Settings, Notifications, App notifications. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá ṣí àwọn tí ẹ nílò padà: ìpè, SMS, ilé ìfowópamọ́, WhatsApp. Kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó ṣí díẹ̀ sàn ju kí ẹ máa ronú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, torí gbogbo áàpù ló máa dà bí ẹni pé ó ṣe pàtàkì. Facebook, TikTok àti àwọn áàpù ìtajà lè dúró di ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣí wọn. Láti Android 13 ni áàpù tuntun ti gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lè pè yín, nítorí náà ẹ kọ̀ fún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ wá Sensitive notifications lójú ewé yẹn kan náà, kí ẹ pa á. Bó bá wà ní títan, OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ilé ìfowópamọ́ fi ránṣẹ́ á hàn lórí fóònù tó wà ní títì pàápàá. Ẹni tó jí fóònù kò nílò pásíwọ́ọ̀dù yín mọ́ láti rí i.

Fún alẹ́, ẹ lo Do Not Disturb, tó ń pa fóònù lẹ́nu mọ́. Ẹ fi àkókò sí i, bíi aago 10 alẹ́ sí aago 5 ìdájí. Ohun tó ń dẹ́rù bani ni pé bí ìyá bá ń ṣàìsàn ńlé ńkọ́? Ẹ fi ìràwọ̀ sí orúkọ àwọn òbí, ọmọ àti ọkọ tàbí aya yín nínú ìwé nọ́ńbà, kí ẹ sì ní kí ìpè àwọn tó ní ìràwọ̀ wọlé. Ẹ tan Repeat callers pẹ̀lú: ẹnikẹ́ni tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 15, ìpè kejì á dún.

WhatsApp

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Gúrúùpù mọ̀lẹ́bí, ti àsàlátù, ti ìjọ, ti àwọn onílé àdúgbò, ti àwọn tí a jọ jáde nílé ìwé, àti àwọn oníbàárà ẹni tó ń ta àdìrẹ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Kò ṣeé pa tì.

Settings, Privacy, Groups: ẹ yan My contacts. Àjèjì kò ní lè jù yín sínú gúrúùpù owó ìlọ́po mọ́. Ó máa ní láti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀, ìwé náà á sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta bí ẹ kò bá dá a lóhùn. Gúrúùpù tí ẹ kò lè kúrò níbẹ̀ kí bàbá àgbà má bàa bínú, ẹ tẹ Mute, ẹ yan Always, kí ẹ sì gbé e sínú Archive. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ rí i pé Keep chats archived wà ní títan nínú Settings, Chats, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ tuntun kan á gbé gúrúùpù náà padà síta. Bí ẹnì kan bá fi @ dárúkọ yín, ẹ máa rí àmì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Archived.

Dátà: Settings, Storage and data, When using mobile data. Ẹ yọ àmì kúrò lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fídíò àdúrà àárọ̀ á dúró di ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa Media visibility náà nínú Chats, kí àwòrán òkú àti ti jàǹbá tí àwọn ènìyàn ń pín kiri má bàa dà pọ̀ mọ́ àwòrán àwọn ọmọ yín.

Àwòrán yín lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kó mọ sọ́dọ̀ My contacts. Àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń mú àwòrán ènìyàn sórí nọ́ńbà mìíràn, wọ́n á wá máa yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Silence unknown callers, tó ń pa ìpè àwọn tí ẹ kò mọ̀ lẹ́nu mọ́, dára púpọ̀ fún òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́; ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tajà, tí oníbàárà tuntun ń pè yín lórí WhatsApp, ẹ má tàn án.

Èyí tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ni Two-step verification, nínú Settings, Account. Nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ ni, kì í ṣe ọdún ìbí yín. Ẹ fi ímeèlì sí i, torí bí ẹ bá gbàgbé nọ́ńbà náà láìní ímeèlì, ọjọ́ 7 lẹ máa fi dúró. Ìdí tó fi ṣe kókó nìyí: ẹnì kan tí ẹ mọ̀ á kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á." Ẹni yẹn kọ́, wọ́n ti gba WhatsApp rẹ̀ ni, nọ́ńbà tí wọ́n ń béèrè sì ni kọ́kọ́rọ́ tiyín. Bí ẹ bá ṣèèṣì fún wọn, nọ́ńbà mẹ́fà tó jẹ́ ti Two-step ni yóò dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti wọlé, ẹ tún nọ́ńbà yín forúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀; bí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà tó wá nípasẹ̀ SMS, wọ́n á bọ́ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè ní láti dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ̀yin náà tó wọlé, bí wọ́n bá ti fi nọ́ńbà Two-step tiwọn sí i. Ẹ fi fóònù pe àwọn ènìyàn yín lásìkò náà.

Ẹ tún wo Linked devices, níbi tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo WhatsApp yín tò sí. Kọ̀ǹpútà tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ lé e jáde.

Àṣẹ tí ẹ ti fún áàpù

Settings, Privacy, Permission manager. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ yẹ̀ wò: Contacts, SMS, Location, Microphone. Áàpù máàpù lè mọ ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ bá ń lò ó nìkan. SMS, áàpù tí ẹ fi ń ka SMS gan-an ló ni ín, pẹ̀lú ti ilé ìfowópamọ́ bí ẹ bá fọkàn tán an.

Ẹ ṣọ́ra fún áàpù ẹ̀yáwó. Àwọn kan máa ń kó gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù, bí owó bá sì pẹ́ díẹ̀, wọ́n á máa fi ẹ̀sùn olè ránṣẹ́ sí àna yín àti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti kà á léèwọ̀ fún áàpù ẹ̀yáwó tó wà ní Play Store láti ka nọ́ńbà tàbí àwòrán oníbàárà. Èyí tó bá ní kí ẹ gba òun láti orí líǹkì níta Play Store, ẹ sá fún un. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní orúkọ àwọn ayánilówó tó gbàṣẹ lórí ojú ìwé wọn. Ẹ wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sun NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà, bí ẹnikẹ́ni bá lo dátà yín lọ́nà àìtọ́.

Lójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ojú ìwé kan, fóònù a kọ́kọ́ béèrè pé níbo ni ojú ìwé náà ń gbé. Ìbéèrè yìí ni DNS. Ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín ló sábà máa ń dá a lóhùn, gbangba ni ìbéèrè náà sì ń gbà. Láti Android 9, ẹ lè fi bò ó: Settings, Network & internet, Private DNS, ẹ yan Private DNS provider hostname, kí ẹ kọ dns.adguard-dns.com, ti AdGuard, ilé iṣẹ́ tó ń dí ìpolówó. Ẹ má kọ https síwájú rẹ̀, ẹ má fi àlàfo sí i. Àṣìṣe lẹ́tà kan péré, íntánẹ́ẹ̀tì á kú pátápátá, ẹ ó sì rò pé dátà ló tán. Fún fóònù ọmọdé, ẹ lo family.adguard-dns.com, tó ń dí ojú ìwé oníhòòhò pẹ̀lú.

Ìpolówó inú ọ̀pọ̀ áàpù á lọ. Ti YouTube àti Facebook kò ní lọ, torí ilé kan náà ni ìpolówó wọn àti fídíò wọn ti ń wá. Bí Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì bá kọ̀ láti gbé ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wá, ẹ yí Private DNS sí Automatic ná, ẹ wọlé, kí ẹ dá a padà. Kí ẹ sì mọ̀ pé AdGuard ló ń gbọ́ ìbéèrè yín báyìí; ìgbẹ́kẹ̀lé lẹ gbé láti ọwọ́ kan sí òmíràn.

Fún kíkà, a fara mọ́ Firefox ju Chrome lọ lórí fóònù, nítorí Firefox gba uBlock Origin, tó ń dí ìpolówó, Chrome orí Android kò gbà á. Ẹ wá a nínú Extensions. Incognito, ìyẹn ojú ewé Chrome tí kì í tọ́jú ibi tí ẹ lọ sórí fóònù, kò fi yín pa mọ́ fún ilé iṣẹ́ dátà. Ẹni tí ẹ jọ ń lo fóònù nìkan ni kò ní rí ibi tí ẹ lọ.

Ní myaccount.google.com, lábẹ́ Data & privacy, ẹ ní kí Google máa pa ìtàn yín rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3. Bí ẹ bá pa ìtàn YouTube tí ẹ sì nu ti àtẹ̀yìnwá, ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ á ṣófo, ohun tí ẹ bá wá nìkan lẹ máa rí. A gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Síìmù

Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dá SMS ìpolówó dúró. Bí ẹ bá fẹ́ yan irú èyí tí ẹ fẹ́ kó máa wọlé, HELP ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ti síìmù fúnra rẹ̀: Settings, Security, SIM lock. Láìsí èyí, olè tó gba fóònù lọ́wọ́ yín ní Old Garage á yọ síìmù sínú fóònù mìíràn, gbogbo OTP á sì máa lọ bá a. Ẹ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ síìmù kí ẹ tó tẹ nǹkan kan: bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, PUK, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti tì, ni wọ́n máa béèrè, bí ẹ bá ṣi PUK lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù kú nìyẹn.

Níta ilé

Bí iná bá lọ tí ẹ sì gbé fóònù lọ fún àwọn tó ń gbowó gba iná sí i, ẹ pa á kí ẹ tó fi sílẹ̀. Fóònù tó wà ní pípa kò ní ṣí láìsí PIN, ìka ọwọ́ pàápàá kò tó.

Ní business centre, ìwé NIN tí ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn láti tẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ wọn lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Ẹ dúró, kí wọ́n pa á rẹ́ lójú yín nínú Downloads, nínú Recycle Bin àti nínú WhatsApp wọn. Bí ẹ bá ní láti wọ ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti N pọ̀ nínú Chrome kí Incognito lè ṣí, kí ẹ ti ojú ewé náà pa pátápátá bí ẹ bá parí.

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, tí gbogbo ìlú bá wà lọ́nà ojúbọ, ẹ má gbé àwòrán síta pé ẹ wà níbẹ̀ kí ẹ tó délé; ẹni tó bá mọ̀ pé ilé ṣófo lè lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Nínú Settings kámẹ́rà, ẹ pa Location tags tàbí Save location, ìyẹn èyí tó ń kọ ibi tí ẹ ti ya àwòrán sínú rẹ̀. WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán, àmọ́ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, ó wà nínú rẹ̀ bó ṣe rí.