Ṣé lóòótọ́ ni ara mi ò gba kajú? Bí mo ṣe lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì àlẹ́jì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí kajú. Tí mo bá jẹ ẹ́ báyìí, kò ní pẹ́ rárá tí ètè á fi máa yún mi, tó bá yá ọ̀fun náà á bẹ̀rẹ̀, ọrùn á pọ́n, tí mo bá sì ní sùúrù díẹ̀ gbogbo ẹ̀ á lọ fúnra ẹ̀. Bó ṣe ń tètè lọ yẹn gan-an ló ń dà mí láàmú, mi ò mọ̀ bóyá àlẹ́jì gidi ni àbí mo kàn ń rò ó lásán, àwọn ará ilé sì ń sọ pé kí n gbàgbé ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n lọ ni pé bí àlẹ́jì oúnjẹ ṣe ṣe èèyàn lónìí kọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́jọ́ míì, ó lè jẹ́ ètè yíyún lónìí kó di pé èèyàn ò rí èémí mí, pàápàá ẹni tó bá ní ikọ́ fée (asthma), èmi sì ní in.

Kí n tó lọ, mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ohun tí mo jẹ, bó ṣe pọ̀ tó, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó lọ, bóyá mo mu ọtí tàbí mo ṣe eré ìdárayá lọ́jọ́ náà torí àwọn yẹn lè jẹ́ kó le sí i. Mi ò jẹ kajú nílé láti fi dán ara mi wò o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Ohun tí mo kọ yìí ló wúlò jù, dókítà kà á dáadáa kó tó fọwọ́ kan nǹkankan, ó ní irú àlẹ́jì yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2, pé ká ní inú ló kàn ń run mí lọ́jọ́ kejì ni, ibòmíì lòun ò bá máa wò.

Wọ́n ti ní kí n dá oògùn ara yíyún dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú torí ó lè bo èsì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ò bá lè dá a dúró, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ láti wo IgE, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń fa irú àlẹ́jì yìí, oògùn yẹn ò dí ìyẹn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì fi báírò sàmì sí apá mi, ó kán oríṣiríṣi omi sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi oúnjẹ ṣe, ó wá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un lókè-lókè, kò ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ histamine, èròjà tó ń mú ara wú, tó gbọ́dọ̀ wú, ọ̀kan jẹ́ omi iyọ̀ tí ò gbọdọ̀ wú, bí ò bá rí bẹ́ẹ̀, èsì yòókù ò ṣeé gbára lé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kajú ti wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, pistachio náà wú, ẹ̀pà ò ṣe nǹkankan, hazelnut (òun àti pistachio jẹ́ èso tí wọ́n ń jẹ hóró ẹ̀ bíi kajú) kọjá milimita 3 díẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kà á sí.

Ti hazelnut yẹn ló yà mí lẹ́nu jù, torí mo máa ń jẹ ẹ́, kì í ṣe mí ní nǹkankan. Dókítà ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ, pé bí awọ bá wú, ara ti dá nǹkan náà mọ̀ ni, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di àlẹ́jì. Ìdí tí ò fi dáa nìyẹn kéèyàn ṣáà ní kí wọ́n dán gbogbo oúnjẹ wò, á kàn di ẹni tó ń sá fún ohun tí ò ṣe é. Ti kajú yàtọ̀ ní tiẹ̀, ohun tí mo kọ àti ohun tí apá mi fi hàn bára mu, ó dájú. Pistachio, ìdílé kan náà lòun àti kajú, mo fi méjèèjì sílẹ̀. Ẹ̀pà ní tiẹ̀, ìdílé ẹ̀wà ló wà, mo ń jẹ ẹ́. Ká ní ọ̀rọ̀ ò bára mu ni, ilé ìwòsàn ni wọn ò bá ti fún mi jẹ díẹ̀díẹ̀ lójú wọn, ìyẹn ló ń yanjú ẹ̀ pátápátá. Àwọn tẹ́ẹ̀sì IgG (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ míì tó yàtọ̀ sí IgE) tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má náwó sí i, kò ju kó fi hàn pé èèyàn ti jẹ oúnjẹ yẹn rí lọ.

Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ adrenaline, oògùn pàjáwìrì fún àlẹ́jì tó bá le, tí mo ń mú dání, wọ́n sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó: tí èémí bá ń há, tí ọ̀fun bá ń dí tàbí tí òòyì bá ń kọ́ mi, ẹ̀gbẹ́ itan ni kí n gún un sí kíákíá, kí n tó ronú kan oògùn míì, ká sì pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ará ilé náà.