Bí mo ṣe yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn méjìlá wò ní Òṣogbo

Nígbà tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo wà lára olùkọ́ rẹ̀ parí, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá lé lọ́wọ́ pé kí n fún wọn ní máàkì. Oníkálùkù ní láti kọ ìròyìn kan ní èdè Yorùbá nípa ohun tó ń lọ ní Òṣogbo, kó ya àwòrán méjì fúnra rẹ̀, kó sì fi ohùn àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú 100 máàkì, 40 wà fún òótọ́ ọ̀rọ̀, 25 fún àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá sọ̀rọ̀, 20 fún ìkọ̀wé, 15 fún àkọlé, líǹkì àti àwòrán. Wọ́n ti rí ìlànà yìí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí kò tọ́ kí á fi òfin tí a kò sọ fún ènìyàn dá a lẹ́jọ́. Mo ní kí ẹlòmíràn yọ orúkọ kúrò lára fáìlì, kó fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, torí mo mọ àwọn tí ẹnu wọn dùn ní kíláàsì, n kò sì fẹ́ kí ìyẹn tẹ òṣùwọ̀n mi sí apá kan.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó ka ìròyìn kankan. Ó gba àkókò gan-an, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí kíkà nìkan kò lè fi hàn mí. Nọ́ńbà keje kọ nípa àwọn oníṣu ní Ọjà Ọba, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dán mọ́rán. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé ìjọba yóò kó àwọn oníṣu kúrò lọ́jà. Nínú ohùn tó gbà sílẹ̀, ohun tí ìyá oníṣu náà sọ ni pé, "Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kó wa kúrò níbí, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ẹnikẹ́ni." "Wọ́n ní" yẹn ni ìyá náà fi jẹ́ kí á mọ̀ pé etí lòun fi gbọ́ ọ, ojú òun kò tó o. Akẹ́kọ̀ọ́ yọ ọ́ dànù, ó fi ìjọba sí ibi tí ìyá kò ti dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì bi òṣìṣẹ́ ìjọba kankan léèrè. Mo fún un ní 12 nínú 40, 8 nínú 25, 18 fún ìkọ̀wé, àti 12 fún ìyókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50, mo sì kọ ìṣẹ́jú tí gbólóhùn ìyá náà wà nínú ohùn sí ẹ̀gbẹ́ máàkì, kó lè lọ tún un gbọ́.

Ní ti àwòrán, WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí a ti ya àwòrán kúrò nígbà tí a bá fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, nítorí náà a ti ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì. Mo tún gbé àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú Google láti wò ó bóyá ó ti jáde níbòmíràn. Àwòrán odò Ọ̀ṣun tó kún bo bèbè, tí nọ́ńbà kejì mú wá, ti jáde ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, orí WhatsApp ìyá mi ni mo ti rí i." Ó pàdánù gbogbo máàkì àwòrán, ṣùgbọ́n mo fi ti ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, torí mo ti bá ohùn wéra, ó sì péye.

Mo ṣí gbogbo líǹkì; méjì péré ni kò lọ síbi tí wọ́n sọ.

Olùkọ́ mìíràn tún fún iṣẹ́ mẹ́rin ní máàkì láìrí tèmi. Lórí nọ́ńbà kẹta, a fi máàkì 14 jìnnà síra wa, nítorí àmì ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fi sí i ti bí mi nínú. Olùkọ́ náà bi mí pé apá wo nínú ìlànà ni mo ti yọ máàkì yẹn. Ìbéèrè náà tọ́. A jọ padà sórí iṣẹ́ náà, a sì fẹnu kò pé ibi tí àmì bá ti yí ìtumọ̀ padà, bí ìgbà tí "ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́" di "ọkọ rẹ̀ bàjẹ́" nínú ìròyìn ìjàǹbá, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló kàn. Ìyókù jẹ́ ti ìkọ̀wé. Máàkì mi gòkè sí i ní 9.

A gbà kí ẹni tí kò tó 55 tún iṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan, kó má sì gbà ju 70 lọ. Nọ́ńbà keje padà sí Ọjà Ọba, ó sì dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ wá di pé àwọn oníṣu ní àwọn gbọ́ pé wọn yóò kó àwọn kúrò, àmọ́ òṣìṣẹ́ tí òun bá sọ̀rọ̀ ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn méjèèjì tán kí n tó kọ 70 síwájú nọ́ńbà rẹ̀.