Bí a ṣe ń gbin ewé òkun sínú táǹkì ẹja olómi iyọ̀ nílé

Ẹni tó ń sin ẹja omi iyọ̀ nílé mọ nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń bo gíláàsì: ẹ nù ún lónìí, ó tún dé lọ́túnla. Oúnjẹ ló rí. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán máa ń di nitrate àti phosphate nínú omi, ajílẹ̀ gidi ni. Ẹ jẹ́ ká gbin ewé tí àwa fúnra wa fẹ́, kó gba oúnjẹ náà lẹ́nu èyí tí a kò fẹ́.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Chaetomorpha ni kí ẹ wá. Ó rí bíi kànrìnkànrìn tí wọ́n pa láró ewé. Kò ní gbòǹgbò, kò lẹ̀ mọ́ òkúta, ẹ lè fọwọ́ gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Caulerpa rẹwà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ó lè ṣàdédé tú irúgbìn rẹ̀ sómi, kí omi funfun bí omi ògì, kí ewé náà kú, kí gbogbo ìdọ̀tí tó ti jẹ sì padà sínú táǹkì. Ọ̀kan nínú ìdílé rẹ̀, Caulerpa taxifolia, ni wọ́n rí nínú òkun lẹ́bàá Monaco ní 1984, tó sì tàn ká ìsàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà. Nígbà tó yọjú ní Kalifọ́níà ní 2000, ó di 2006 kí wọ́n tó kéde pé àwọn ti pa á run.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹja kò ti ní rí i jẹ. Àpótí kejì lábẹ́ táǹkì, tí omi ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀, ló dára jù.

Ẹ po omi pẹ̀lú iyọ̀ táǹkì, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀: nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, kí ẹ̀rọ ìwọniyọ̀ máa ka 1.025. Ooru omi kó wà láàárín 24 sí 26°C. Bí omi bá fà, omi lásán ni kí ẹ fi kún un, torí omi nìkan ló ń fà lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ.

Ẹ fi omi iyọ̀ ṣan ewé náà, ẹ ṣa akàn àti kòkòrò kúrò lára rẹ̀, ẹ wá ju èyí tó tó ìkúùkù síbẹ̀. Kí omi máa yí i díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ á jẹrà.

Ẹ tan iná LED sí i fún wákàtí 10 sí 12, lóru nígbà tí iná táǹkì ńlá bá kú. Ewé tó bá rí iná ń fa carbon dioxide, nítorí náà pH omi (òǹkà tó máa ń wálẹ̀ bí omi bá ń kan) kò ní wálẹ̀ púpọ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Nínú òkùnkùn, òun náà ń bá ẹja pín atẹ́gùn, nítorí náà bí wọ́n bá máa ń mú iná lọ ládùúgbò yín, ẹ ra páǹpù atẹ́gùn oníbátìrì.

Bó bá ti di ìlọ́po méjì, ẹ já ìdajì kúrò. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà! Èyí tí ẹ gbé jáde ló gbé ìdọ̀tí lọ. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ títí tó fi kú á dá a padà. Ẹ sá a sóòrùn kí ẹ tó dà á nù, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ọ̀sà láéláé.

Bó bá ń funfun, ẹ wọn nitrate. Bó bá ti di òdo, ebi ló ń pa á. Bí nitrate bá ṣì wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èròjà irin (iron) ló ń fẹ́.